MÉLÒÓ NÍNÚ MÉLÒÓ? Ìwọ̀n Ìjákulẹ̀ nínú Eré Bésíbọ́ọ̀lù gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀kọ́ Ìṣirò ní Èdè Yorùbá

1.0 Ìfáàrà

Ní ìlú Ouagadougou, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Burkina Faso, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni eré tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Síbẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 2008, àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni tí àjọ JICA ti ilẹ̀ Japan rán wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ ní eré mìíràn, èyí tí í ṣe bésíbọ́ọ̀lù. Láàrin àwọn ọmọ wọ̀nyí ni Lassina Sanfo ti jáde. Ó rin ìrìn àjò lọ sí Japan. Nígbà tí ó di ọdún 2015, ó tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú ẹgbẹ́ Kochi Fighting Dogs ní erékùṣù Shikoku, ó sì di ọmọ Burkina Faso àkọ́kọ́ tí ó fi eré náà ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Ní ọdún 2019, ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè náà kópa nínú ìdíje tí wọ́n fi yan ẹni tí yóò ṣojú ilẹ̀ Áfíríkà lọ́nà ìdíje Òlíńpíìkì ti Tokyo. Eré náà kò ṣàjèjì sí Nàìjíríà pẹ̀lú, nítorí wọ́n gbá a nínú Ìdíje Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wáyé ní Àbújá ní ọdún 2003.

Kí ni èyí kan olùkọ́ èdè? Bésíbọ́ọ̀lù kì í rìn lóun nìkan; òun àti òǹkà ni wọ́n jọ ń rìn. Kò sí ìṣe kan lórí pápá tí akọ̀wé eré kò ní fi nọ́ńbà sàmì sí. Ọmọ tí ó bá fẹ́ yé eré náà ní láti mọ bí a ṣe ń ka ìwọ̀n, bí a ṣe ń fi nǹkan wé nǹkan, àti bí a ṣe ń mọ ìgbà tí nọ́ńbà ńlá kò túmọ̀ sí ohun ńlá. Bẹ́ẹ̀, láti ìgbà ìjọba amúnisìn ni àwọn oníṣòwò Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí àti agbègbè wọn ti ń ṣòwò káàkiri ilẹ̀ tí à ń pè ní Ghana àti Burkina Faso lónìí. Ọmọ irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ní Ouagadougou lè máa gbọ́ Mooré àti Dioula ní òde, kí ó máa ka Faransé ní ilé-ìwé, kí ó sì máa gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ìyá rẹ̀. Èwo nínú àwọn èdè wọ̀nyí ni yóò fi ronú nípa ìwọ̀n?

Èrò iṣẹ́ yìí ni pé èdè Yorùbá kún ojú òṣùwọ̀n fún irú ìrònú bẹ́ẹ̀, àti pé gbólóhùn kan ṣoṣo tí gbogbo ọlọ́jà mọ̀, ìyẹn “mélòó nínú mélòó?”, ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀kọ́ náà. Ìwọ̀n kan tí àwọn oníbésíbọ́ọ̀lù ń lò, tí a ó pè ní ìwọ̀n ìjákulẹ̀ níhìn-ín, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

2.0 Eré náà ní ṣókí

Olùkọ́ kò nílò láti mọ gbogbo òfin eré náà. Ìwọ̀nba tí ẹ̀kọ́ yìí béèrè nìyí. Ẹgbẹ́ méjì ni ó ń kojú ara wọn. Ẹnì kan láti inú ẹgbẹ́ kan ń ju bọ́ọ̀lù. Ẹnì kan láti inú ẹgbẹ́ kejì di igi mú, ó ń gbìyànjú láti lù ú. Bí onígi náà bá fi igi, tí kò bá bọ́ọ̀lù, wọn yóò kọ àmì ìkùnà kan sí i lọ́rùn. Bí bọ́ọ̀lù bá gba ibi tí ó yẹ kọjá, tí ó sì kọ̀ tí kò fi igi, àmì ìkùnà ni pẹ̀lú. Bí ó bá lù ú kọjá sí ẹ̀yìn ààlà, èyí náà lè jẹ́ àmì ìkìíní tàbí ìkejì, ṣùgbọ́n lápapọ̀ kì í jẹ́ ìkẹta. Nígbà tí àmì ìkùnà bá pé mẹ́ta, onígi ti já kulẹ̀. Yóò kúrò, ẹlòmíràn yóò sì bọ́ síbẹ̀.

Ìjákulẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo tí onígi lè gbà kúrò. Ó lè lu bọ́ọ̀lù kí alátakò hán an lófuurufú; ó lè lù ú kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù dé ibùdó kí òun tó dé ibẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí ni ìyọkúrò. Bí ìyọkúrò bá pé mẹ́ta, ìpín eré ẹgbẹ́ náà parí nínú abala yẹn. Abala mẹ́sàn-án ni ó wà nínú eré kan, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ajùbọ́ọ̀lù tí ó bá ṣe eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin abala mẹ́sàn-án ní láti rí ìyọkúrò mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Àmọ́ kò sí òfin tí ó sọ iye onígi tí yóò kojú kí ó tó rí wọn. Kókó tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ tẹ̀ mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ létí nìyí, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ìyókù dúró lé.

3.0 Orúkọ wo ni kí nǹkan máa jẹ́?

Àwọn èdè mìíràn ti la ọ̀nà yìí kọjá, “ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè”. Henry Chadwick, oníròyìn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ni ó yan lẹ́tà K láti máa fi sàmì sí ìjákulẹ̀, nítorí pé K ni ó parí ọ̀rọ̀ “struck”, lẹ́tà S sì ti ní iṣẹ́ mìíràn. Àwọn ará Japan pè é ní “sanshin”, èyí tí ó túmọ̀ sí fífi igi lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn elédè Faransé ní “retrait sur prises”. Kò sí èyí tí ó jọ èkejì. Olúkúlùkù wo inú ilé ara rẹ̀.

Orúkọ Burkina Faso fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ lórí ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Nígbà tí ìjọba Thomas Sankara pa orúkọ Upper Volta rẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 1984, láti inú Mooré ni wọ́n ti mú “burkina”, tí ó jẹ mọ́ ìwà títọ́. Láti inú Dioula ni wọ́n ti mú “faso”, tí í ṣe ilẹ̀ baba ẹni. Àfòmọ́ ẹ̀yìn inú Fulfulde sì ni wọ́n fi parí “Burkinabè”, orúkọ tí ọmọ ilẹ̀ náà ń jẹ́.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó ṣí sílẹ̀ fún olùkọ́ Yorùbá. Èkíní ni ọ̀rọ̀ àyálò, bí i “bésíbọ́ọ̀lù” gan-an. Èkejì ni àpèjúwe, bí i “àmì ìkùnà”. Ẹ̀kẹta ni fífún ọ̀rọ̀ tí ó ti wà nílẹ̀ ní iṣẹ́ tuntun. Ọ̀nà kẹta yìí ni a gbà rí “ìjákulẹ̀”. Ẹni tí ó já kulẹ̀ ni ẹni tí ìrètí rẹ̀ kò yọrí, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sì ni ti onígi tí ó ń darí lọ láì ba bọ́ọ̀lù. Bákan náà, “onígi” ní ọjà ni ẹni tí ń ta igi ìdáná. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, ẹni tí ó di igi mú ni. Ó sàn kí olùkọ́ lo “onígi” ju “alùbọ́ọ̀lù” lọ, nítorí pé “alùbọ́ọ̀lù” àti “ajùbọ́ọ̀lù” sún mọ́ ara wọn jù ní etí, pàápàá nínú kíláàsì tí ariwo bá wà. Ìró kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo ni ó yà wọ́n. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ̀kọ́ yìí yóò lò nìwọ̀nyí:

ajùbọ́ọ̀lù: ẹni tí ń ju bọ́ọ̀lù sí onígi
onígi: ẹni tí ó di igi mú láti lu bọ́ọ̀lù
àmì ìkùnà: àmì tí wọ́n ń kọ sí onígi lọ́rùn, mẹ́ta ni ó ń mú ìjákulẹ̀ wá
ìjákulẹ̀: kíkúrò onígi nípa àmì ìkùnà mẹ́ta
ìyọkúrò: kíkúrò onígi lọ́nà èyíkéyìí
abala: ọ̀kan nínú ìpín mẹ́sàn-án tí eré ní
ìwọ̀n ìjákulẹ̀: iye ìjákulẹ̀ bí a bá fi wé ohun mìíràn tí a kà

4.0 “Fún” àti “nínú”

“Ohun mìíràn tí a kà” ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni àwọn oníbésíbọ́ọ̀lù ń gbà wọn ìjákulẹ̀ ajùbọ́ọ̀lù. Ọ̀nà àtijọ́ ń béèrè pé: ìjákulẹ̀ mélòó fún abala mẹ́sàn-án? Wọn yóò sọ iye ìjákulẹ̀ di ìlọ́po mẹ́sàn-án, wọn yóò sì fi iye abala tí ó jù pín in. Ọ̀nà kejì ń béèrè pé: nínú gbogbo onígi tí ó kojú, mélòó ni ó já kulẹ̀? Wọn yóò fi iye onígi pín iye ìjákulẹ̀, wọn yóò sì sọ èsì rẹ̀ di ìdá nínú ọgọ́rùn-ún.

Etí tí kò fura lè rò pé ọ̀kan náà ni méjèèjì. Kí a mú ajùbọ́ọ̀lù méjì, Àlàbí àti Àjàní, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Olúkúlùkù wọn ju abala mẹ́sàn-án, olúkúlùkù sì rí ìjákulẹ̀ mẹ́sàn-án. Bí a bá lo “fún”, ọgbọọgba ni wọ́n: ìjákulẹ̀ mẹ́sàn-án fún abala mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n onígi ni Àlàbí kojú. Márùndínláàádọ́ta ni Àjàní kojú. Bí a bá lo “nínú”, ti Àlàbí jẹ́ mẹ́sàn-án nínú ọgbọ̀n, èyí tí í ṣe ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Ti Àjàní jẹ́ mẹ́sàn-án nínú márùndínláàádọ́ta, èyí tí í ṣe ogún nínú ọgọ́rùn-ún. Wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ rárá.

Kí ló fà á? Abala kì í parí títí ìyọkúrò mẹ́ta yóò fi pé. Ajùbọ́ọ̀lù tí ó bá jẹ́ kí àwọn onígi máa lù ú, tàbí kí wọ́n máa gba ibùdó lọ́fẹ̀ẹ́, yóò máa rí onígi tuntun lẹ́yìn òmíràn nínú abala kan náà. Onígi tuntun kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ àyè tuntun fún ìjákulẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ìṣirò “fún” lè máa san ẹ̀san fún un lórí àléébù ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọdẹ ni. Bí ọdẹ méjì bá pa àparò mẹ́ta mẹ́ta láàárọ̀ kan náà, tí ọ̀kan yìnbọn lẹ́ẹ̀mẹ́rin, tí èkejì yìnbọn lẹ́ẹ̀méjìlá, iye àparò inú àpò wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n kò sí àgbà ọdẹ tí yóò pè wọ́n ní ẹgbẹ́ nídìí ìbọn.

Ọ̀nà kejì yìí wúlò fún onígi náà. Bí a bá fi iye ìgbà tí onígi dúró láti lu bọ́ọ̀lù pín iye ìgbà tí ó já kulẹ̀, a ti rí ìwọ̀n ìjákulẹ̀ tirẹ̀. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò kíyè sí ni pé ìwọ̀n tí ó ga jẹ́ ìyìn fún ajùbọ́ọ̀lù, ó sì jẹ́ àbùkù fún onígi. Nọ́ńbà kì í dá sọ bí òun bá dára tàbí bí òun kò dára. Ẹni tí ó ni ín ni ó ń fún un ní ìtumọ̀.

5.0 Àpẹẹrẹ gidi kan

Kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà rò pé àlọ́ ni ọ̀rọ̀ Àlàbí àti Àjàní, àpẹẹrẹ kan wà láti inú líìgì àgbà ti Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2001, Randy Johnson ti ẹgbẹ́ Arizona Diamondbacks rí ìjákulẹ̀ 372. Ó kojú onígi 994 ní abala 249 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ní ọdún 1999, Pedro Martinez, ọmọ ilẹ̀ Dominican Republic tí ó wà ní ẹgbẹ́ Boston Red Sox, rí ìjákulẹ̀ 313. Ó kojú onígi 835 ní abala 213 àti ìdá kan nínú mẹ́ta.

Bí a bá lo “fún”, Johnson ni ó borí: 13.41 fún abala mẹ́sàn-án, tí ti Martinez sì jẹ́ 13.20. Bí a bá lo “nínú”, ọ̀rọ̀ yí padà: Martinez ní 37.5 nínú ọgọ́rùn-ún, Johnson sì ní 37.4. Ìyàtọ̀ náà kéré, kò sì tó ohun tí ẹnikẹ́ni yóò torí rẹ̀ jà, ṣùgbọ́n ipò wọn yí padà nítorí pé ìbéèrè yí padà.

Ìdẹkùn kan wà tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Àwọn akọ̀wé bésíbọ́ọ̀lù máa ń kọ abala 249 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta báyìí: 249.2. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ̀ yóò ka “.2” sí ìdá méjì nínú mẹ́wàá, yóò sì rí 13.43 dípò 13.41. Ìyọkúrò méjì nínú mẹ́ta ni “.2” yìí dúró fún. Ẹni tí ó bá ti kọ́ láti máa béèrè “nínú mélòó?” kò ní kó sínú ìdẹkùn náà.

6.0 Ohun tí èdè Yorùbá fi kún un

Ọ̀rọ̀ “ìdá” gba ìṣọ́ra. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé ìdámẹ́wàá jẹ́ ẹyọ kan nínú mẹ́wàá. Nípa ìlànà kan náà, “ìdá ogún” láìsí àfikún jẹ́ ẹyọ kan nínú ogún, èyí tí í ṣe márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá sọ pé ìwọ̀n ìjákulẹ̀ Àjàní jẹ́ “ìdá ogún”, tí ó sì gbé “nínú ọgọ́rùn-ún” jù sílẹ̀, ti sọ ìwọ̀n náà di ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí ó jẹ́. Èdè Yorùbá kò gbà kí á fi ìsàlẹ̀ ìdá pamọ́. Èyí kì í ṣe àìtó èdè. Ẹ̀ṣọ́ ni èdè fi sí ẹnu ọ̀nà ìṣìnà.

Ìkejì ni ti òǹkà. Mooré ń kà ní ẹẹ́wàá-ẹẹ́wàá: “piiga” ni ẹẹ́wàá, “pisi” ni ogún. Faransé pe ọgọ́rin ní ogún mẹ́rin. Yorùbá ń kà ní ogún-ogún, ó sì ń yọ kúrò. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti gbà pé yíyọ kúrò yìí jẹ́ ẹrù fún ọmọdé. Ṣùgbọ́n nínú ìdíwọ̀n ó jẹ́ ìrànlọ́wọ́. Onígi 994 tí Johnson kojú ń jẹ́ “ẹgbẹ̀rún ó dín mẹ́fà”. Ẹni tí ó pè é bẹ́ẹ̀ ti gbọ́ lójú ẹsẹ̀ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ẹgbẹ̀rún. Ìjákulẹ̀ 372 nínú ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún yóò lé díẹ̀ ní mẹ́tàdínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ti mọ ibi tí ìdáhùn wà kí ó tó mú bírò. Bákan náà ni “mẹ́tàdínlógójì” ń sọ fún un pé iye náà ń súnmọ́ ogójì.

7.0 Ìlànà fún kíláàsì

Ẹ̀kọ́ yìí bá JSS II mu, ó sì gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ méjì. Ohun èlò kò ju agolo òfìfo, bọ́ọ̀lù kékeré kan àti pátákó ìkọ̀wé lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Kí olùkọ́ gbé agolo sí ọ̀ọ́kán, kí àwọn ọmọ máa ju bọ́ọ̀lù sí i. Kí ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí iye ìgbà tí olúkúlùkù jù yàtọ̀ síra. Kí akọ̀wé kíláàsì kọ “iye tí ó jù” àti “iye tí ó bà”.

Ìgbésẹ̀ kejì: Kí ó béèrè ẹni tí ó mọ̀ ọ́n jù jù lọ. Àwọn kan yóò tọ́ka sí ẹni tí ó bà á jù. Kí olùkọ́ má ṣe dá wọn lẹ́bi, kí ó kàn béèrè pé, “Mélòó nínú mélòó?”

Ìgbésẹ̀ kẹta: Kí ó ṣàlàyé bésíbọ́ọ̀lù àti àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà lókè, kí ó sì kọ ti Àlàbí àti Àjàní sí ojú pátákó. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ èsì wọn ní odindi gbólóhùn Yorùbá, kì í ṣe nọ́ńbà lásán.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Kí ó béèrè bóyá ajùbọ́ọ̀lù tí ó kojú onígi márùn-ún péré, tí ó rí ìjákulẹ̀ mẹ́ta, sàn ju Martinez lọ. Ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ni tirẹ̀. Ìdáhùn tí ó yẹ ni pé iye tí ó wà lẹ́yìn “nínú” kò tíì tó ohun tí a lè gbára lé.

Iṣẹ́ àṣetiléwá:
(i) Ajùbọ́ọ̀lù kan kojú onígi 40, mẹ́wàá já kulẹ̀. Kí ni ìwọ̀n rẹ̀? (Ìdáhùn: ìdá márùndínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún.)
(ii) Ajùbọ́ọ̀lù kan rí ìjákulẹ̀ márùn-ún ní abala tí wọ́n kọ ní 6.2. Mélòó ni fún abala mẹ́sàn-án? (Ìdáhùn: 6.75. Ẹni tí ó rí 7.26 ti kó sínú ìdẹkùn.)
(iii) Fi ìyàtọ̀ hàn láàrin “ìdá márùn-ún” àti “ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún”. (Ìdáhùn: ti àkọ́kọ́ jẹ́ ogún nínú ọgọ́rùn-ún.)

8.0 Ìgúnlẹ̀

Láàrin ọdún 1970 sí 1978, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko, àbájáde rẹ̀ sì fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ìlànà pé kí á máa fi èdè abínibí kọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2025, wọ́n fagi lé e. Burkina Faso gba ọ̀nà mìíràn: àtúnṣe òfin orílẹ̀-èdè náà tí wọ́n fọwọ́ sí ní ìparí ọdún 2023 sọ àwọn èdè ilẹ̀ náà di èdè ìjọba, ó sì fi Faransé sí ipò èdè iṣẹ́.

Òfin lè yí sọ́tùn-ún, ó lè yí sósì. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ṣì wà lọ́wọ́ olùkọ́, kò sì sí òfin tí ó sọ pé ewì, àrọ̀sọ àti gírámà nìkan ni ó lè wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá sọ fún pé igba akẹ́kọ̀ọ́ yege ní ilé-ìwé kan, tàbí pé oògùn kan wo ènìyàn ọgọ́rùn-ún sàn, nílò ìbéèrè kan tí yóò fi gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀tàn, ó sì yẹ kí ìbéèrè náà wà ní èdè tí ó fi ń ronú. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí ó bá ti mọ bí a ṣe ń béèrè “mélòó nínú mélòó?” ní èdè ìyá rẹ̀ yóò béèrè rẹ̀ ní Faransé ní Ouagadougou, yóò sì béèrè rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó.